Ìgbà Tí Ògúnwùmí Rí Iná

Iná ọ̀ẹ̀rùn kì í rán ìkọ̀ ṣáájú. Èéfín nìkan ni ìkọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ Ṣakí fi ń ṣọ́ igbó. Ẹni tó bá rí èéfín yóò tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì ṣàn wọ inú kọ̀ǹpútà tí Sodiqat, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ, kọ́ níṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń wọlé ni ẹ̀rọ ń tún un ṣe: á gé ìkíni kúrò, á fi orúkọ òkè sí i, á lu òǹtẹ̀ aago lé e. Aago fóònù àwọn ọdẹ kì í bára mu, ni Sodiqat bá ní kí ẹ̀rọ máa pa aago tó bá ọ̀rọ̀ wá rẹ́, kó máa fi ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé rọ́pò rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Ògúnwùmí, ọdẹ tó ń ṣọ́ Òkè Àgbọ́nrín, dé. Kí àwọn èèyàn tó débẹ̀, iná ti jẹ oko tán, ó sì ti jẹ òun náà.

"Oorun ló gbé e lọ, ló fi pẹ́ kó tó ránṣẹ́," ni Fáwùnmí, olórí ọdẹ, wí. "Ọdẹ tó sùn lẹ́nu iṣọ́, a kì í ṣípà fún un." Òkú ọdẹ tí wọn kò bá sì ṣípà fún, tí wọn kò gbé ẹ̀wù àti apó rẹ̀ lọ sígbó, àárín ọ̀nà ayé àtọ̀run ló dúró sí.

Màríámù, opó rẹ̀, wá bá Sodiqat. "Ọkọ mi tí í ta jí bí adìẹ bá họlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, òun ló sùn? Ẹ̀rọ rẹ parọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Sodiqat. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ gun Òkè Àgbọ́nrín. Oòrùn wà ní àtàrí nígbà tó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó padà dé ọ́fíìsì, kò bá a níbẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú ló tó já wọlé, pẹ̀lú aago ìrọ̀lẹ́ lórí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá a dúró lọ́nà. Sodiqat gbé orí lé tábìlì, ó sunkún.

Nígbà tó ṣàlàyé tán fún àwọn ọdẹ àti Màríámù, Fáwùnmí ṣí fìlà. "Ojú tì wá. Màríámù, gbé ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ wá."

"Ẹ̀wù wo, Bàbá? Ọjọ́ tí ẹ ní ọkọ mi kì í ṣe ọdẹ mọ́ ni mo ti dáná sun ún, tòun tapó."

Arúgbó náà yíjú sí Sodiqat. "Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó rán. Sodiqat, tún aago rẹ̀ ṣe, ká rí nǹkan gbé dání."

"Bàbá, mi ò mọ ìgbà tó rán an. Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ pa á rẹ́."

Ó tẹ ọ̀rọ̀ Ògúnwùmí sórí pépà: Iná. Òkè Àgbọ́nrín. Ògúnwùmí. Ojú ibi tí aago í wà, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Pépà yẹn ni àwọn ọdẹ gbé wọgbó, tí wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé lọ.

Àwọn obìnrin méjèèjì dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

"Sodiqat," ni Màríámù wí, "báwo ló ṣe pẹ́ tó tí ọkọ mi fi ń retí àwọn èèyàn lórí òkè yẹn?"

Sodiqat tẹjú mọ́ pépà náà títí igbó fi gbé e mì.