Bí Mo Ṣe Gé Ìdí Yìnyín Dókítà

Ìmọ́tótó ló kó bá mi ní Jẹ́dà. Ká ní ọ̀bùn ni mí bíi Hàbíbátù tí a jọ yá yàrá ní Kudai ní Mẹ́kà, ǹ bá ti gba ìkámà mi lọ́dún náà.

Lẹ́yìn tí mo ṣe hájì tán ni mo kọ̀ tí n kò bá ọkọ̀ òfuurufú padà. Owó epo ń tú jáde nígbà yẹn, kò sí ibi tí wọn kì í ti í wá ẹni tó máa gbálẹ̀. Ní Àlàmísì àti Jímọ̀, màá wà ní Mẹ́kà, màá máa din àkàrà fún àwọn èrò. Àwọn ọjọ́ yòókù, Jẹ́dà ni mò ń gbé, nílé Dókítà Ọláṣẹ̀hìndé ní Al-Sabeel, mò ń se oúnjẹ, mò ń fọlé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Kìrìsìtẹ́nì. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà omi ni, ẹ̀kọ́ nípa omi ló fi gboyè. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ láàrin ìlú méjèèjì, tí mo bá tajú kán rí ọlọ́pàá, màá fa ìborùn bojú, nítorí n kò ní ìkámà, ìwé tí wọ́n fi ń gba àlejò láyè. Dókítà ti ṣèlérí pé ọ̀gá òun, Abdullatif, yóò dúró fún mi kí n rí i gbà.

Ariwo tó gba ìlú lásìkò náà ni pé àwọn kan fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi wọ́ òkè yìnyín láti ìsàlẹ̀ ayé wá, ká lè rí omi mu. Dókítà kò dúró de òkè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gé ègé kan, tó gùn tó apá mi, lára òkun ibẹ̀ tó dì gbagidi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Fírísà ibi iṣẹ́ wọn bàjẹ́, ló bá gbé e wálé ní Àtàláátà. Ó ní Abdullatif máa rí i lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn. Èmi ni mo ni ilé ìdáná. Nígbà tí mo ṣí fírísà láti mú ẹran, mo tú aṣọ tó wà lára yìnyín náà wò. Òkè rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ lẹ́yìn òjò. Mo fi ahọ́n kàn án: iyọ̀. Mo ní wọ́n mà ti rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ṣé irú èyí ló fẹ́ gbé síwájú ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé mi?

Mo mú ọ̀bẹ ẹran, mo gé ìdí náà sọnù lára rẹ̀, mo fi omi sàmúsámù tí mo gbé ti Mẹ́kà bọ̀ ṣan ìyókù, mo wé e padà. Èyí tó pọ́n, mo kó o sínú abọ́, mo gbé e sínú fíríìjì lábẹ́ tòmátò. Nílé wa, bí wọ́n bá ta ẹ̀wà olókùúta fún ọ, o kì í da òkúta rẹ̀ nù. O máa ṣà á pamọ́, o máa lọ dà á padà sórí igbá ẹni tó tà á, kí ojú lè tì í. Mo fẹ́ kí Dókítà rí nǹkan dà sórí àwọn oníyìnyín. Mo sùn bí ẹni tó ṣoore.

Lówúrọ̀ Àlàrùbá, Dókítà ti di àpótí yìnyín pa láìtú aṣọ ara rẹ̀. Bí a ṣe ń jẹ dòdò ló ń ṣàlàyé fún Lará ìyàwó rẹ̀ pé ibi tó pọ́n nídìí yìnyín yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ìdọ̀tí, ohun abẹ̀mí ni, tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń gbé nínú àwọn ihò tín-ín-tín tí omi iyọ̀ wà nínú yìnyín, wọ́n ń fi ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ṣe oúnjẹ bí ewéko. Kòkòrò ń jẹ wọ́n, ẹja ń jẹ kòkòrò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó lọ wọ́ yìnyín kankan, ó yẹ kó mọ ayé tó wà lọ́hùn-ún.

“Tí Abdullatif bá ti rí i,” ó ní, “inú rẹ̀ á dùn. Ibẹ̀ náà ni màá ti gbé ìwé Àlàájà síwájú rẹ̀.”

Bí mo bá dákẹ́, wọn á ṣí àpótí, wọn á bá yìnyín tó funfun bí eyín ọmọ ọwọ́, wọn á rò pé àwọn tó fi ránṣẹ́ ló ṣì í gé. Ta ni yóò mọ̀? Mo rò ó dáadáa o. Mo tún jẹ dòdò méjì sí i lórí ìrònú náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń súfèé bó ṣe ń so táì, ojú mi kò gbà á.

“Dókítà, mo ti gé e.”

“Ẹ gé kí ni, Màmá?”

“Ìdí ẹ̀.”

Lará bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo.

Mo sáré gbé abọ́ wá. Ó ti yọ́, ó dà bíi tíì. Dókítà kán díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó wò ó títí, ó ní kí n wá wò ó. Mo ti rò pé ekòló ni màá rí. Àfi bí èèpo ìrẹsì tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kú. Ẹyọ kan ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń wá sálúbàtà rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó foríjì mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó bẹ Dókítà.

Dókítà kò parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Abdullatif ní níwọ̀n ìgbà tí a ti gé e, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí èyíkéyìí ń gbé nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní láti ránṣẹ́ gbé òmíràn wá, yóò tó oṣù mẹ́fà. Títí dìgbà náà, òun kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Dókítà kò lé mi. Ó kàn ra àgádágodo fún fírísà.

Ní Jímọ̀, èmi àti Hàbíbátù ń yí Káábà po. Ẹni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń tọrọ ọmọ, ẹlòmíràn ń tọrọ mọ́tò. Èmi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní, Ọlọ́run, jẹ́ kí yìnyín tó ń bọ̀ dọ̀tí, kó dọ̀tí nídìí, kó dọ̀tí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Hàbíbátù fi gbogbo agbára ṣe àmín. Ó gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta kó tó yíjú sí mi.

“Ìdọ̀tí wo, Bùsírátù?”