Bí A Ṣe Ń Dágbére fún Ẹgbẹ́

Aṣọ ẹnu ọ̀nà ni Edith kọ́kọ́ tú. Ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ó sì tún nawọ́ mú ti ojú fèrèsé, tòun ti oyún tó ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀. Oyèdélé ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò tíì pẹ́ tó mọ́.

"Ta ló ní kó o máa di ẹrù?"

"Bàbá Clara, ẹ̀yin náà lẹ ní kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti jáde nínú ẹgbẹ́ yín. Òyìnbó sì ní tíṣà tí kò bá jáde kó tó di ọjọ́ Ajé, kó kó kúrò nílé mísọ̀n. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi da ìkòkò síta lójú ayé." Ó jókòó ti agbọ̀n náà. "Ibo ni màá bímọ sí?"

Oyèdélé dìde lórí àpótí. Ó gbé fìlà, ó jáde.

Òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Nígbà tí àwọn tíṣà Ìbàdàn dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, nítorí bí mísọ̀n ṣe ń lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni lé adìyẹ, wọ́n bi ara wọn pé báwo lẹni tó bá fẹ́ kúrò yóò ṣe kúrò. Oyèdélé dìde, ó ní ẹgbẹ́ àwọn bàbá àwọn ò mọ ìwé. Ẹni tó bá wọlé, kó bọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń jáde, kó dágbére fún wọn níkọ̀ọ̀kan, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó mọ̀ pé ojú yóò ti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sá. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà.

Ó gba Ọjà'ba kọjá. Lórí òkè Màpó, àwọn òṣìṣẹ́ ń fa òkúta lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n ń lérin bí wọ́n ti ń fà á, òógùn bò wọ́n. Oyèdélé wò wọ́n títí, ó wá mójú kúrò. Fàsásì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ àdúgbò Bẹ́yẹrunkà ni Fàsásì, Oyèdélé ló kọ́ ọ ní a-b-d títí tóun náà fi di tíṣà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alábòójútó ilé-ìwé ní kó wá ro oko ẹ̀yìnkùlé òun, Fàsásì sì ní tíṣà lòun, òun kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n lé e. Lọ́jọ́ Ajé ni ẹgbẹ́ fẹ́ lọ dúró níwájú òyìnbó nítorí rẹ̀, Oyèdélé ni wọ́n sì yàn pé kó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ilé Ọlábọ̀wálé, àgbà ẹgbẹ́, ní Oníyanrìn ni wọ́n ti ń pàdé. Wọ́n ti pé nígbà tó dé.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Wọ́n dáhùn, wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Kò jókòó.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mo wá jáde ni."

Ọlábọ̀wálé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e sí orí itan. "Ìwọ lo ṣòfin, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó yá, ọ̀dọ̀ mi ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Oyèdélé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá náà mú. "Ó dàbọ̀, sà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọlábọ̀wálé ò jọ̀wọ́ rẹ̀. "Àbọ̀ wo, Oyèdélé? Ṣé o tún ń bọ̀ ni?"

"Rárá, sà. Ó dìgbà."

"Ìgbà wo?"

"Ó... ó dìgbóṣe, sà."

Bàbá náà mi orí. "Wá òmíràn. Ṣebí tíṣà ni ọ́."

Oyèdélé wá a, kò rí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ló ń ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀. Ó dà bí ẹni pé kò wá sọ́kàn àwọn bàbá rẹ̀ rí pé èèyàn lè dìde láàárín wọn, kó ní òun ò wá mọ́. Ìtìjú mú un, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

Ọlábọ̀wálé mí kanlẹ̀. "Èmi náà níyàwó. Máa lọ, ọmọ mi." Ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó wá ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ń kùn ún lẹ́nu pé ó dàbọ̀, wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń wolẹ̀. Fàsásì ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tó mọ olùkọ́ rẹ̀.

"Fàsásì, ìyàwó mi..."

"Mo gbọ́, sà. Ọlọ́run á sọ̀ wọ́n láyọ̀." Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀. Kò bínú. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bó ṣe máa ń dáhùn ìbéèrè nílé-ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé: "Ó di gbére, sà."

"Háà!" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn wọn. Òkú là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Oyèdélé la ẹnu láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rí ọ̀rọ̀ tí òun wá tì. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Oyèdélé ò mọ ọ̀nà tó gbà dé ilé mísọ̀n ní Kúdẹtì. Edith rí ojú rẹ̀ láti inú ilé, ó mọ̀ pé ó ti ṣe é. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó di ògiri mú, ó rọra dìde, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní.

Ẹni tó bá dé là ń kí bẹ́ẹ̀. Oyèdélé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, kò dá a lójú pé òun ti dé.