Àmín Tó Ń Ṣáájú Àdúrà

Ilé ìsìn náà kò ní òrùlé, ṣùgbọ́n àwọn fáànù rẹ̀ ń yí lókè. Ojú ọ̀run gan-an ni wọ́n so rọ̀ sí, atẹ́gùn wọn sì tutù dáadáa. Èyí kò ya Díákónẹ́ẹ̀sì Ìbídùn lẹ́nu rárá. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ìjókòó iwájú pátápátá lápá ọ̀tún, ó gbé Bíbélì rẹ̀ lé itan, ó sì tún gèlè rẹ̀ ṣe. Màmá Àmín ni ìjọ ń pè é. Kò sí àdúrà tí ẹnu rẹ̀ kì í kọ́kọ́ ṣe Àmín sí. Bí olùdarí ìsìn bá ní, "Àmín yín ò dún tó," ojú Ìbídùn ni yóò máa wò, nítorí ó mọ̀ pé Àmín tirẹ̀ nìkan tó láti jí àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn. Kí a má parọ́, obìnrin náà fẹ́ràn orúkọ yìí ju oyè díákónẹ́ẹ̀sì lọ.

Mopélọ́lá àbúrò rẹ̀ jókòó tì í. Opó ni Mopélọ́lá, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń jẹun. Ìbídùn ṣàkíyèsí pé kò wọ bàtà.

"Kí ló dé tó ò wọ bàtà wá sílé Ọlọ́run?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ló ń rọ̀ lábẹ́ mi," ni Mopélọ́lá wí, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ kù díẹ̀.

Kò sí èèyàn kankan lórí pẹpẹ. Sípíkà dúdú kan ló dúró níbẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó ń gbàdúrà. Ohùn Wòlíì Gídíónì ni ohùn rẹ̀. Wòlíì yìí ni Ìbídùn ń tọ̀ lọ nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìyanuolúwa, tó ti wà nílé ọkọ tipẹ́tipẹ́ tí kò tíì gbọ́ igbe ọmọ. Òun ló sọ fún un pé ẹni tó di ilé ọmọ náà kò jìnnà, pé inú abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń tọwọ́ bọ̀. Ìbídùn kò bi í léèrè ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn. Àmín ló ṣe.

"Gbogbo ọ̀tá inú ilé," ni sípíkà bẹ̀rẹ̀.

"Àmín," ni Ìbídùn dáhùn, gbogbo ìjọ sì gbè é.

"Kí ilẹ̀ lanu kó gbé wọn mì," ni sípíkà wá parí.

Sìmẹ́ńtì abẹ́ ẹsẹ̀ Mopélọ́lá rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, obìnrin náà sì rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn rọra ká ìró rẹ̀ sókè kó má baà dọ̀tí.

Ìbídùn ní kí àbúrò rẹ̀ dìde kíá.

"Mi ò lè dìde, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ ní kó rí bẹ́ẹ̀."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Kí ó tó gbọ́ èsì, sípíkà ti ní, "Ẹni tó ń ṣe bí ẹbí," ẹnu Ìbídùn sì ti ní, "Àmín." Òun kọ́ ló rán ẹnu níṣẹ́ o. Ẹnu ló dá ara rẹ̀ rán. Mopélọ́lá rì dé orúnkún. Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, Àmín tó kàn sì gba àárín ìka rẹ̀ jáde, ó gbóná bí èéfín ìkòkò. Mopélọ́lá rì dé ìbàdí. Gbogbo ọjọ́ ayé Ìbídùn nínú ìgbàgbọ́, kò rò ó rí pé ohun tí òun ń fọwọ́ sí ní ibi tó ń lọ.

Ó ní òun yóò wá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan tí yóò dá sípíkà dúró. Ó fa síìpù Bíbélì rẹ̀. Síìpù náà ṣí yíká èèpo ìwé, ó kọjá èèpo ìwé, ó bọ́ sí ara ìjókòó, ó sì gba àárín ìjọ lọ. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ń fà á tẹ̀ lé e lọ, ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohùn bàbá arúgbó kan ń ti abẹ́ síìpù jáde.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ìbídùn ni. Èmi ni mo ń gbé yín káàkiri láti ọjọ́ yìí."

Ohùn náà dún bí ti àgbàlagbà tó ń gbìyànjú láti rántí ojú. "Òórùn lọ́fíńdà rẹ ni mo mọ̀," ó wí. "Mi ò mọ ohùn rẹ."

Ojú tì í débi pé ó fẹ́ padà, ṣùgbọ́n síìpù ti ń fa òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì fà á wọ inú yàrá tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti máa ń tọ́jú ìkókó lọ́jọ́ ìsìn.

Ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀ lórí àpótí. Ìyá yìí ti kú, gbogbo ẹbí ló jọ sin ín, aṣọ tí wọ́n fi sin ín ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé asẹ́ sórí ẹsẹ̀. Àdúrà sípíkà ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń dà sínú asẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyá sì ń sẹ́ ẹ. Omi ń kán sísàlẹ̀, ìṣó ń ṣẹ́ kù sókè. Ó gbọn ìṣó dànù, ó na ọwọ́, ó sì gbé Ìbídùn lé itan.

Nígbà yẹn ni Ìbídùn rí i pé fìlà ìkókó ló wà lórí òun. Ó fi ahọ́n wá eyín rẹ̀, kò bá ẹyọ kan. Ìyá rẹ̀ káwọ́ bò ó lẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní ògì, bí wọ́n ti ń rọ ọmọ láyé àtijọ́, tí ọmọ kò ní ní ibi tí yóò yí orí sí títí yóò fi gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Màámi, mo ti dàgbà," ó wí nígbà tó ráyè mí. "Wọ́n ti fi mí joyè díákónẹ́ẹ̀sì."

"Mo gbọ́. La ẹnu."

"Mo máa ń gbààwẹ̀. Mi ò pa ìsìn kan jẹ rí."

"Ta ló ń rọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹni Ọlọ́run ni, Màámi."

Ìyá wo ojú rẹ̀. "Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀," ó wí, kò sì parí òwe náà. Ó ti abẹ́ asẹ́ yọ ẹran gbígbẹ kan, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Mi ò ní eyín, Màámi."

"Jíjẹ ló ń mú un hù."

Ìbídùn ki ẹran náà bọ ẹnu. Ó le koko, èrìgì ń ta á, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí Mopélọ́lá tó ti rì dé ọrùn láàrin ìjọ. Ètè Mopélọ́lá ń mì. Ìbídùn rò pé ó ń ké gbà mí gbà mí ni. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì gbọ́ ọ ketekete.

"Olúwa, rántí Ìyanuolúwa. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ ọmọ rẹ̀."

Kò sí ẹnìkan nínú ìjọ tó ṣe Àmín sí i. Gbogbo wọn kọjú sí sípíkà. Ìbànújẹ́ gbé Ìbídùn lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ pé ó ti bọ́ sílẹ̀ lórí itan ìyá rẹ̀.

Sípíkà tún táì rẹ̀ ṣe. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ohùn náà sì dùn. "Ìyá tó bá fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ tuntun nínú ilé rẹ̀ lọ́dún yìí."

Kò parí rẹ̀. Ó dúró dè é. Gbogbo ìjọ yí ojú padà, ojú gbogbo wọn sì jẹ́ ojú Ìbídùn. Àmín gun ọ̀fun rẹ̀ bọ̀, ó tóbi, ó dùn, ohun tó ti ń fẹ́ láti ọdún wọ̀nyí wá ló wà nínú rẹ̀. Ó di eyín pọ̀. Eyín ti wà níbẹ̀.

Ó la ojú.

Ọ̀sán gangan ni. Orí àga ló wà ní pálọ̀ rẹ̀, níbi tí oorun ti gbé e lọ lẹ́nu àdúrà. Wòlíì Gídíónì dúró láàrin ilé pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé àdúrà rẹ̀. Mopélọ́lá kúnlẹ̀ níwájú wọn, ètè rẹ̀ ń mì, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ẹni tó di ilé ọmọ náà jáde kúrò nílé yìí lónìí, kó má sì padà wọ ibí mọ́," ni wòlíì wí, "ní orúkọ Jésù."

Gbogbo wọn yíjú sí Màmá Àmín. Ìbídùn kò dáhùn. Wòlíì rò pé kò gbọ́, ó tún un wí, ohùn rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu Ìbídùn wà ní pípadé.

"Mopélọ́lá," ó wí, "mo rí i tí ètè rẹ ń mì. Àdúrà wo lò ń gbà?"

Mopélọ́lá kò gbójú sókè. "Ti Ìyanuolúwa ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbà á sókè," ni Ìbídùn wí. "Kí n gbọ́ ọ tán."