Bí Rùkáyátù Ṣe Ń Ránṣọ

Dàhòmì ti gba òmìnira bí ọdún méjì nígbà tí Rùkáyátù, aránṣọ ọmọ Ṣakété tó ń gbé Akpakpa ní Kútọnu, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin ará Gáná kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà Missèbo, ó sì ń wá aránṣọ kan ṣoṣo tó lè bá àwọn oníbàárà láti Gáná àti Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ni Rùkáyátù ti ń ránṣọ, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ etí aṣọ oníbàárà. Ó fẹ́ iṣẹ́ yẹn lójú méjèèjì.

Bámidélé, akọ̀wé tó kàwé l'Ékòó, ló ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́? Mímú ni iṣẹ́. Ẹ̀sọ̀ yẹn ló sọ bí a ṣe mú un. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní carefully."

Ó yé e wàyí. Ó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń kà á: slowly, ẹsẹ̀ a rọra, quickly, ẹsẹ̀ a yá, beautifully, a gbé aṣọ sókè wò, a rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò iṣẹ́ pé. Mádáàmù tó ni ṣọ́ọ̀bù bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé báwo ló ṣe ń ránṣọ. Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé pé kò gbọdọ̀ yin ara rẹ̀ lójú àgbà, báwo ni yóò ṣe ní ọwọ́ òun dára? Ó kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ó ní, "I sew badly, madam."

Ẹ gbà mí! Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rán. Mádáàmù pa ìwé dé, ó ní kí ẹni tó kàn wọlé.

Ẹni tó kàn kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Etí búláòsì rẹ̀ gùn lápá kan, ó kúrú lápá kejì. Kò pẹ́ tí Rùkáyátù gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ketekete: "I sew beautifully!" Inú bí i, ó padà wọlé.

"Madam, I lied. I sew beautifully!" Ohùn rẹ̀ ga débi pé àwọn tó ń rajà yíjú wò ó.

Mádáàmù rẹ́rìn-ín, ó fún àwọn méjèèjì láṣọ, ó ní kí wọ́n rán an kí òun rí i. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Rùkáyátù ti gba iṣẹ́.

Ó dé òde, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ránṣọ fún gbogbo ayé, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé òun mọ̀ ọ́n rán. Ẹnu ara rẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ.