Ẹjọ́ Ti Dúró

Kọ́kọ́rọ́ náà kò wọlé. Ẹ̀bùnlọlá fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó tún tì í, kò wọlé. Ìgbà yẹn ló tó wo àgádágodo náà dáadáa. Tuntun ni, òǹtẹ̀ pupa ìjọba sì lẹ̀ mọ́ géètì lókè rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀," ọlọ́pàá tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù wí. "Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé."

"Adájọ́ ti ní kí ẹjọ́ ilé yìí dúró. Láàárọ̀ yìí ni."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Ẹ̀bùnlọlá. Láti kóòtù ló ti mú un bọ̀. Bí Lọ́yà Adébánjí ṣe jáde tó kígbe pé, "Wọ́n gbà á, Àǹtí! Ẹjọ́ ilé ti dúró!", kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó wọ tákísí, ó yà ní Kuje tó wà nítòsí Festac, ó ní kí ìyá rẹ̀ di ẹrù, ó sì forí lé Festac láti lọ gbálẹ̀ dè é.

Oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti ìyá rẹ̀ ti lò ní Kuje, nínú yàrá kan ṣoṣo, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Olúṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n sì ti ilé wọn pa. Afọ́jú ni ìyá rẹ̀. Ní Festac, màmá máa ń rìn láti ilé ìdáná dé fàráńdà láìsí ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú. Ní Kuje, ojoojúmọ́ ló ń fi orúnkún gbá bẹ́ẹ̀dì. Bí Ẹ̀bùnlọlá bá ní kí òun fi ọ̀nà hàn án, yóò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Mi ò kọ́ ọ̀nà ilé àyágbé, jàre. A ò ní pẹ́ níbí."

Fọ́kísìwágìn lọ́yà dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níwájú géètì náà. Òógùn ti bo ọkùnrin náà.

"Àǹtí, ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹjọ́ náà dúró ni, kò tíì parí."

Ó ṣàlàyé. Ẹjọ́ méjì ló wà: ọ̀kan lè gbé ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, èkejì ni èyí tí ìjọba fi fẹ́ gba ilé. Bí ti ilé bá ń lọ, Olúṣẹ̀yẹ yóò ní láti sọ ibi tó ti rí owó, wọn yóò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú un ní ti ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, ti ilé yóò máa dúró de ti ẹ̀wọ̀n. Títí dìgbà náà, títì ni ilé yóò wà.

"Ìgbà wo ni yóò parí?"

"Ó lè tó ọdún méjì. Ó lè tó mẹ́ta. Mi ò lè purọ́ fún yín."

"Ṣùgbọ́n ọ̀la ló kàn mí láti sọ̀rọ̀! Orúkọ tèmi ló jáde nígbà tí ìjọba pín ilé Festac, kì í ṣe ti ọkọ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún adájọ́ nìyẹn."

Lọ́yà wo bàtà ara rẹ̀. "Bọ̀dá mọ̀. Àwọn gan-an ló ní kí n tọrọ ìdádúró náà. Wọ́n ní ó máa yé yín."

Ó yé e. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Nígbà tó padà dé Kuje, ìyá rẹ̀ ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀, ó wé gèlè tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀bùn, ṣé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn?"

"Wọ́n ní ẹjọ́ ti dúró, Màmá."

"Ó ti parí nìyẹn. Olúwa, o ṣé."

Ẹ̀bùnlọlá fi kọ́kọ́rọ́ náà lé orí ẹrù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù náà. Ìyá rẹ̀ tẹ́tí sí bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà, ó tú gèlè rẹ̀, ó wá ojú ìdì ẹrù kàn, ó tú òun náà. Ó na ọwọ́ rẹ̀.

"Dìde. Fi ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà hàn mí."

Wọ́n jọ rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan irin bẹ́ẹ̀dì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Fèrèsé ńkọ́?"