Ìbéèrè Kẹrin

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún 2024, Adérẹ̀mí Ṣóbándé kú. Ibà ló pa á. Ó ku díẹ̀ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa ìmọ̀ àwùjọ ní yunifásítì. Cornelius, bàbá rẹ̀, kò dé ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í rí ibojì ọmọ.

"Ọmọ mélòó ni ẹ bí, sà?"

Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí jókòó nínú yàrá Cornelius ní Ojú Ore, ní ọdún tó tẹ̀lé e. Kò mọ nǹkan kan nípa ikú náà. Afeezat ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ó sì ń wá àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà, kí ó lè fi ọ̀rọ̀ wọn kọ iṣẹ́ àṣekágbá tí yóò fi gba dìgíríì. Cornelius ti dáhùn àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ láìjanpata: ilé-iṣẹ́ irin ni, iṣẹ́ alẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò tíì pẹ́ tí òun fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó gbọ́ ìkẹrin, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Máa lọ sílé."

Afeezat kò dìde. Bébà ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. "Ẹ̀yin náà, sà. Orí ìbéèrè kẹrin yìí ni gbogbo wọn ti ń lé mi. Ìyá kan lánàá tiẹ̀ ní kí n lọ sọ fún ẹni tó rán mi pé kò bá òun."

"Ta ló kọ ìbéèrè náà?"

"Èmi ni, sà. Olùkọ́ mi sì fọwọ́ sí i."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Àmọ̀dá, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí."

"Àmọ̀dá ò sọ fún ọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Wọ́n sọ fún mi, sà. Mo rò pé tó bá ti jẹ́ orí ìwé, kò kan tìyẹn."

Cornelius wò ó. Ó ṣe é bíi kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti rín gbẹ̀yìn. "Olùkọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé òyìnbó ni?"

"Ìjẹ̀bú ni wọ́n, sà."

"Ìjẹ̀bú, tí kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ." Ó padà jókòó, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. "Yọ ìbéèrè náà kúrò, kí o máa bá tìẹ lọ."

"Kò ṣeé yọ, sà. Òun ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé: bí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣe ran àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti kàwé. Tí àwọn òbí ò bá sọ̀rọ̀, mi ò ní nǹkan tí mo máa kọ. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa gbà á. Tó bá kọjá, mo máa tún ọdún náà ṣe ni." "Bàbá mi ti ń sọ fún gbogbo oníbàárà wọn pé ọmọ àwọn ti fẹ́ẹ̀ jáde."

Orí àga tí Afeezat jókòó sí yẹn ni Adérẹ̀mí máa ń jókòó sí. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, á máa ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ wọn fún bàbá rẹ̀, bí ẹni pé bàbá náà ni yóò ṣèdánwò. Ìwé mẹ́wàá ni Cornelius kà. Nígbà mìíràn oorun iṣẹ́ alẹ́ á ṣì wà lójú rẹ̀, ọmọ náà á ní, "Bàbá, ẹ tún un sọ kí n gbọ́." Cornelius á tún un sọ: pé òṣìṣẹ́ lè fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ọ̀pá irin, kó má sì ní ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn yé e dáadáa. Adérẹ̀mí á sì mú pẹ́ẹ̀nì pupa, á fún bàbá rẹ̀ ní máàkì.

"Gbọ́ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀," Cornelius wí. "Sọ pé, 'Ta ni àwọn ọmọ yín? Kí ni wọ́n ń ṣe?' Òbí tí o bá bi ní ìyẹn, ìwọ lo máa bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Tó bá dárúkọ wọn tán, ṣé o ò ní mọ iye tí wọ́n jẹ́ ni?"

Afeezat kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tún fà ro. "Ó ti bàjẹ́, sà. Wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ọmọbìnrin tó ń ka ọmọ kiri ni wọ́n ń pè mí."

Cornelius mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó sì mọ ibi tí àwọn tí ọmọbìnrin náà ń wá máa wà. Gbogbo Sátidé ni àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì máa ń pàdé níwájú ilé Ọmọ́túndé, alága wọn. Láti ìgbà tí Adérẹ̀mí ti kú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì lọ. Wọ́n ń sọ ti ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Amos tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí i, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Kò sì padà lọ mọ́.

"Ọ̀la ni Sátidé. Wá, tí o bá ti kírun ọ̀sán tán," ó wí. "A jọ ń lọ ni."

Amos ló kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ kejì. "Ẹ kó ọmọ yín wọlé o. Ẹni tó ń kà wọ́n ti dé." Ìgbà náà ló rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣóbándé. O dé. Wá jókòó."

"Èmi ni mo mú un wá," Cornelius wí. "Ó ti tún ìbéèrè rẹ̀ ṣe. Ẹ dá a lóhùn."

"Béèrè, ọmọ mi," ni Ọmọ́túndé wí.

"Ẹ ṣeun, sà. Ta ni àwọn ọmọ yín, kí ni wọ́n sì ń ṣe?"

Amos ń wo bàtà rẹ̀. Ọmọ́túndé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Afeezat ṣíjú wo Cornelius bí ẹni tí nǹkan tún ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Cornelius mọ̀ pé kì í ṣe ìbéèrè náà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Òun ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ọmọ tó wà láàyè lójú ẹni tí tirẹ̀ ti lọ.

"Èmi ni kí o kọ́kọ́ bi," ó wí.

"Ta ni àwọn ọmọ yín, sà?"

"Adérẹ̀mí."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Irú ìwé tí ò ń kà yìí ló ń kà. Ó kú lọ́dún tó kọjá, ó ku díẹ̀ kó parí."

Pẹ́ẹ̀nì dúró lọ́wọ́ Afeezat. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò mọ̀."

"Dìde. Ká ní o mọ̀ ni, o ò ní béèrè. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi mí léèrè rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, ìdáhùn ni." Ó wá kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ò lè lọ. Ẹ̀yin lẹ gbé e. Amos, wọ́n ní ìwọ lo gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, tìwọ ti ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́. Ẹ ṣeun."

"Ọmọ gbogbo wa ni," Amos wí. Ó fi ọwọ́ nu imú. Ó wá ní, "Ọmọbìnrin, kọ tèmi. Abísọ́lá ni àkọ́bí mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ìyá ẹ̀ ló jọ, Ọlọ́run ló ṣàánú ẹ̀."

"Òótọ́ lo sọ," Ọmọ́túndé wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Afeezat sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa sọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ó parí, ó padà sọ́dọ̀ Cornelius. "Ìbéèrè karùn-ún ló kù, sà. Kí ni ẹ̀kọ́ ọmọ yín fi sílẹ̀ nínú ilé? Ẹ lè fò ó."

"Mi ò ní fò ó," Cornelius wí. "Máa kọ. Páálí ìwé kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tó máa ń wọ̀ lọ ṣèdánwò. Ife onírin tó fi ń mu gààrí tó bá ń kàwé. Pẹ́ẹ̀nì pupa tó fi ń fún mi ní máàkì. Àga tí o jókòó sí lánàá. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá mi gbé e dé ibi tí n ò lè dé. Àti bàbá kan tó lè tún gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ rẹ̀ sọ, bí o bá ráyè gbọ́."