Wàásù Tó Ní Yàrá Nínú

Níbi yìgì kan ní Ungwan Dosa, nílẹ̀ Hausa tí à ń gbé, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n tan wàásù ìgbéyàwó tí bàbá mi olóògbé ṣe, Yorùbá Ìlọrin ń dà wàrà láti inú spíkà, gbogbo wa ń ṣe àmín. Ó wá kan ohùn ògbufọ̀, kí àwọn àna tí wọ́n jẹ́ Hausa lè gbọ́. Ìtumọ̀ wàásù ogún pínpín ni wọ́n lọ tàn! Bàbá ọkọ dìde fùú: "Wa ya mutu?" Ta ló kú?

Alhaja Humairah, olórí àsàlátù wa ní Tudun Wada, ránṣẹ́ pè mí.

"Raodah, ìwọ lo kó ohùn bàbá ẹ sínú kọ̀ǹpútà. Bó bá tún dàrú níbi yìgì Ilham, a ò ní tan ohùn yẹn níta mọ́ láé."

Àbúrò mi ni Ilham, Hausa lòun náà sì ń fẹ́. Oyún rẹ̀ wà nínú ìyá wa nígbà tí bàbá wa kú. Ohùn yẹn nìkan ló mọ̀ ní bàbá.

Ẹ̀bi mi kọ́ o! Ẹ lọ bá àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní fáìlì ni fáìlì, fódà ni fódà, fáìlì ò gbọdọ̀ ní inú. Wàásù wà níhìn-ín, ìtumọ̀ wà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń kọ́pì á gbé ọ̀kan, á gbàgbé èkejì. Ta ló ṣòfin yẹn? Mo ní màá kọ ètò ìpamọ́ tèmi, tí wàásù á ti ní yàrá nínú. Pe orúkọ rẹ̀ lásán, bàbá mi á sọ̀rọ̀. Fi ìlà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń pè ní slash, sí ìdí orúkọ náà, ilẹ̀kùn á ṣí, wàá bá ìtumọ̀ Hausa nínú.

Jàmàlúdéènì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Bí wọ́n bá bi wàásù náà pé fáìlì ni àbí fódà ńkọ́?"

"Á wo ojú ẹni tó ń bèèrè! Ṣebí ọmọ ni ẹ́ lọ́dọ̀ ìyá ẹ, ọkọ ni ẹ́ lọ́dọ̀ Zuwera. Ṣé wọ́n là ẹ́ sí méjì ni?"

Ó ṣiṣẹ́. Wallahi, ó ṣiṣẹ́! Àfìgbà tí a kọ́pì í sórí mẹ́mọ́rì tí spíkà ń lò. Ilẹ̀kùn nìkan ni kọ́pì rí: ó kó ìtumọ̀, ó fi ohùn bàbá mi sílẹ̀. Mo ní kò burú, mo fi wàásù náà sínú yàrá ara rẹ̀. Háà! Wàásù inú yàrá tún ní yàrá, wàásù tún wà nínú ìyẹn. Kọ́pì wọlé, kò jáde mọ́, títí mẹ́mọ́rì fi kún dẹ́nu.

"Wàásù yín lóyún," ni Jàmàlúdéènì wí, "oyún náà tún lóyún!"

"Pa ẹnu ẹ dé! Ta ló rí ọmọ inú tó..."

Ọmọ inú kì í lóyún! Mo já kọ̀ǹpútà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ohùn tó wà nínú yàrá ní "ara", mo sì pàṣẹ pé ara ò ní ilẹ̀kùn, ohùn lásán ni. Kọ́pì wọlé, ó gbé ara, ó gbé ìtumọ̀, ó jáde wẹ́rẹ́. Igbe tí mo ké, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì sáré wá wò ó bóyá iná ló ń jó wa.

Lọ́jọ́ yìgì Ilham, Alhaja fúnra rẹ̀ ló ki mẹ́mọ́rì bọ spíkà. Spíkà ò mọ ètò tèmi, fódà lásán ló rí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Bàbá mi sọ̀rọ̀ sùúrù láàárín tọkọtaya. Hausa tẹ̀lé e, sùúrù kan náà ni. Àwọn àna ń mi orí, wọ́n ń ṣe "Amin, amin." Alhaja ní kí wọ́n tún un tàn.

Ilham fà mí láṣọ, omi lójú. "Àǹtí mi, ṣé àyè ṣì kù nínú yàrá yẹn? Mo fẹ́ dá bàbá lóhùn."

"Àyè? Ó pọ̀ rẹpẹtẹ! Gba fóònù, ìyàwó, sọ tìẹ, màá gba ohùn ẹ sílẹ̀!"